Bí ẹ ṣe lè dá kòkòrò oníléèsì mọ̀ lára òdòdó tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ já ewé kan lára igi tàbí òdòdó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, òótọ́ sì ni, àmọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í jókòó sójú ewé níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, abẹ́ ewé ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí. Ẹni tó bá ń wo ojú ewé nìkan á kàn máa bomi rin òdòdó ni, á máa fún un ní ajílẹ̀, kòkòrò á sì máa fa oje ẹ̀ mu lọ lábẹ́.

Nọ́sìrì kan ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń gba òdòdó láti òkèèrè, à ń tọ́jú ẹ̀ títí táá fi ṣe é tà. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí ni tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lọ́dún kan wọ́n já pieris, igi kékeré kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, ọgọ́ta ìkòkò sílẹ̀ fún wa, ewé wọn ń dán, kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan lára wọn. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, ewé ti ń pàwọ̀ dà, ó ń funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ku eérú lé e lórí, a ní bóyá áyọ́ọ̀nù ló dín nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ni, la bá ń da ajílẹ̀ olómi sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò yí padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mú ike tí wọ́n kọ orúkọ òdòdó sí tó jábọ́ sílẹ̀, bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, abẹ́ ewé ni mo rí, àmì dúdú dúdú ló kún un bí ẹni fọ́n ọ̀dà sí i, àwọn nǹkan wẹẹrẹ kan sì ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ẹ̀. Ó ti ràn dé ara rhododendron, òdòdó mìíràn tó wà nítòsí ẹ̀, nígbà yẹn. Gbogbo ọgọ́ta ìkòkò yẹn la sọ nù. Ó dùn mí gan-an, torí àwa tá a gba ọjà yẹn wọlé, kò sẹ́ni tó yí ewé kan padà nínú wa lọ́jọ́ tí tírélà dé.

Òun làwọn Òyìnbó ń pè ní lace bug, èmi ń pè é ní kòkòrò oníléèsì torí pé kò sórúkọ tó bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti ránṣọ léèsì lọ òde ìnáwó rí ló mọ bó ṣe rí: ihò ihò, okùn tín-ín-rín tó so ihò kọ̀ọ̀kan mọ́ra wọn, téèyàn á sì rí ara látinú ẹ̀. Bí ìyẹ́ kòkòrò yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní Brazil, wọ́n ń pe èyí tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní percevejo-de-renda, renda yẹn náà léèsì ni, ẹ ò rí i pé ohun kan náà ni ojú gbogbo èèyàn rí. Ẹbí ẹ̀ lápapọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Tingidae, oríṣi tó wà nínú ẹbí yẹn káàkiri ayé lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní igi tàbí ewéko tiẹ̀ tó yàn láàyò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló máa ràn wá lọ́wọ́ jù níwájú.

Ohun èlò ò pọ̀. Ẹ wá lẹ́ǹsì ọwọ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, kò wọ́n, ẹ mú pépà funfun kan, rúlà, fóònù tí kámẹ́rà ẹ̀ dáa, ike kékeré tó ní ìdérí, àti ọ̀rá oníṣíìpù. Tí ẹ bá ní sípíríìtì nílé, ẹ gbé e sún mọ́ tòsí.

Ojú ewé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹnu kòkòrò yìí dà bí abẹ́rẹ́, abẹ́ ewé ló ti ń gún un, á wá fa ohun tó wà nínú ewé mu, títí kan nǹkan tó ń jẹ́ kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Ibi tó bá ti gún á wá yọ sí wa lójú ewé bí àmì funfun tàbí yẹ́lò tóótòòtó, bí ìgbà tí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ iṣan àárín ewé lẹ máa ti sábà rí i, tó bá wá pọ̀, àwọn àmì yẹn á lẹ̀ mọ́ra, gbogbo ewé á funfun tàbí kó dà bí eérú, níkẹyìn á gbẹ, á já bọ́. Ọ̀rọ̀ píà yàtọ̀ díẹ̀, ibi tí tiẹ̀ bá jẹ lára ewé máa ń kú ni, á di búráùn bí ibi tí iná jó. Tó bá jẹ́ ebi ajílẹ̀ ló ń pa òdòdó, àwọ̀ ewé máa ń yí padà létòlétò ni, bóyá kí iṣan ewé tutù kí àárín ẹ̀ pọ́n, ti kòkòrò ò létò, tóótòòtó ni. Mi ò mọ̀yàtọ̀ yẹn nígbà tiwa.

Ẹ wá dojú ewé yẹn délẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí lè má jẹ́ kòkòrò rárá, ìgbẹ́ ẹ̀ ni. Ó máa ń dúdú tàbí kó pọ́n bíi búráùn, ó máa ń dán, ó sì máa ń le mọ́ ewé bí ẹ̀kán ọ̀dà tó ti gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná họ ọ́, á ré kúrò. Láàárín ìgbẹ́ yẹn, ẹ máa rí awọ tí àwọn ọmọ ẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó funfun, ó fẹ́lẹ́, ó ṣì ní ẹsẹ̀ àti ẹ̀gún lára bí ẹni pé kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu báyìí kò ní lọ, ó lẹ̀ mọ́bẹ̀. Mo fẹ́ràn awọ yẹn gan-an nídìí iṣẹ́ yìí torí pé kòkòrò lè ti kú tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n sì lè ti fín oògùn sí i níbi tó ti ń bọ̀, àmọ́ awọ àti ìgbẹ́ á ṣì wà níbẹ̀ láti sọ fún yín pé ẹnì kan ti gbé inú ilé yìí rí.

Àgbà ẹ̀ wá ńkọ́? Kékeré ni o, èyí tó pọ̀ jù lára wọn ò ju mílímítà 3 sí 4 lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì hóró ìrẹsì. Ó fẹ̀, ara ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi lẹ́ǹsì sójú, kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: ìyẹ́ ẹ̀ nà jáde kọjá ara ẹ̀ lápá ọ̀tún àti apá òsì bí ẹni wọ agbádá léèsì, ó sì bo orí pẹ̀lú, torí pé ó ní nǹkan kan tó yọ jáde láti èjìká tó bo orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi fìlà, ẹ̀gbẹ́ èjìká méjèèjì náà sì nà bí etí, tẹ́ ẹ bá ti rí fìlà abetí ajá rí, ẹ ti rí i. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ihò léèsì, àti ìyẹ́, àti fìlà, àti etí. Tí ìyẹ́ nìkan bá ní ihò tí èjìká ò sì ní, ẹ tún un wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn ni. Ìwo orí ẹ̀ ní oríkèé mẹ́rin, ẹ̀kẹta ló máa ń gùn jù. Kì í sáré, kì í fò bíi tata, ẹ fọwọ́ kàn án á rìn díẹ̀ á tún dúró.

Àwọn tó máa ń jọ ọ́ lójú èèyàn wà o. Àkọ́kọ́ ni lacewing, torí pé orúkọ ló jọra, mo ti rí i táwọn èèyàn pa á dànù ní tòótọ́, ó sì ṣe mí láàánú torí ọ̀rẹ́ wa ni, ọmọ ẹ̀ ń jẹ àwọn kòkòrò tó ń ba òdòdó jẹ́. Lacewing gùn, ó lè ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ dáadáa, ara ẹ̀ rọ̀, ó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, ojú ẹ̀ ń kọ mànà bíi góòlù, ó sì máa ń ká ìyẹ́ ẹ̀ bí òrùlé ilé. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ rárá. Ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì ni thrips, èyí ló máa ń tan àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá jẹ, torí òun náà ń sọ ewé di fàdákà, ó sì ń yàgbẹ́ dúdú. Àmọ́ ìgbẹ́ tiẹ̀ kéré ju ti oníléèsì lọ, òun fúnra ẹ̀ sì rí tín-ín-rín bí ìlà tí wọ́n fi bírò fà, mílímítà 1 sí 2, ẹ ò sì ní rí awọ ẹlẹ́gùn-ún lábẹ́ ewé ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn spider mite, àwọn yẹn lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò fẹ́ẹ́ rí wọn, wọ́n sì máa ń ta òwú bíi ti aláǹtakùn, kò sí ọ̀dà dúdú lábẹ́ ewé tiwọn. Àwọn tó ń fò bíi tata tí wọ́n ń fi àmì funfun sójú ewé náà wà, tẹ́ ẹ bá yí ewé wọn padà, ẹ máa bá a pé ó mọ́ tónítóní, ìyẹn ti tó láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Tí ẹ ò bá rí àgbà, ẹ má sọ pé kò sí i. Ẹ tẹ́ pépà funfun sábẹ́ ẹ̀ka kan kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó bọ́ sílẹ̀. Tí ẹ ò bá tún rí nǹkan, ẹ wá ọmọ ẹ̀ lọ. Ọmọ ò ní ìyẹ́ léèsì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rí i tí wọn ò mọ̀ ọ́n, ó sábà máa ń dúdú, ẹ̀gún wà lórí ẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, wọ́n sì máa ń kó ara wọn jọ sójú kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló máa ń bọ́ awọ kó tó di àgbà. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ tán máa ń funfun fún ìgbà díẹ̀ kí àwọ̀ ẹ̀ tó ràn, torí náà ẹ má fi àwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo dájọ́ pé oríṣi báyìí ni, ẹ wo bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ẹyin ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń gba òdòdó láti òkèèrè. Àwọn tó ń jẹ azalea àti pieris, inú ewé ni wọ́n máa ń ki ẹyin wọn bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àárín ewé, wọ́n á wá fi ìgbẹ́ bò ó lórí, á gbẹ, á le gbagidi. Ewé àwọn òdòdó yẹn kì í wọ́ nígbà òtútù, torí náà gbogbo àgbà kòkòrò lè kú tán nínú yìnyín, ẹyin á ṣì wà nínú ewé títí dìgbà tí oòrùn bá tún yọ. Bí tírélà bá wá kó òdòdó bẹ́ẹ̀ dé ní oṣù kejì, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nígbà tó bá yá. Bí pieris tiwa ṣe wọlé nìyẹn. Ẹ máa fi ìka ra iṣan àárín ewé lábẹ́, tó bá rí ṣákaṣàka tàbí kó ní àwọn àmì dúdú tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹ fi lẹ́ǹsì wò ó. Ewé ìsàlẹ̀, ewé ọdún tó kọjá, ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ewé tuntun tó ń dán lókè, ẹyin ò sí lára ìyẹn.

Tó bá ti dá yín lójú pé oníléèsì ni, ó kan èwo nínú wọn. Igi tẹ́ ẹ ti rí i ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lára azalea, Stephanitis pyrioides ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Láti Japan ló ti wá, ó dé New Jersey ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1915, ó sì ti tàn káàkiri ibẹ̀, àwọn ará wa tó wà ní Maryland tí wọ́n ní azalea níwájú ilé ti máa rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, torí níbẹ̀ ó lè bí ìran mẹ́rin lọ́dún kan. Ara ẹ̀ dúdú, ìyẹ́ ẹ̀ mọ́ bíi gíláàsì pẹ̀lú àmì búráùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ́n díẹ̀. Lára pieris, Stephanitis takeyai ni, Japan lòun náà ti wá, ó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí àwọn ọdún 1990, àmì orí ìyẹ́ tiẹ̀ dúdú ju ti èkejì lọ, fìlà orí ẹ̀ náà dúdú, ó sì wú rọ́bọ́rọ́bọ́. Stephanitis rhododendri lẹ máa rí lára rhododendron, ìyẹ́ ẹ̀ funfun ju ti àwọn méjèèjì yẹn lọ.

Lára igi plane, igi tí èèpo ẹ̀ máa ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní London yẹn, Corythucha ciliata ni. Amẹ́ríkà lòun ti wá, ó dé Padua ní Ítálì ní 1964, wọ́n sì rí i ní Bedford ní 2006. Funfun ni, ó ní àmì búráùn níbi tí ìyẹ́ ẹ̀ ti wú sókè, tẹ́ ẹ bá sì fi lẹ́ǹsì wò ó ẹ máa rí ẹ̀gún kéékèèké létí ìyẹ́ àti èjìká ẹ̀. Òun kì í fi ẹyin kọjá ìgbà òtútù, àgbà ẹ̀ ló ń sá pamọ́ sábẹ́ èèpo igi, torí náà tí wọ́n bá gbé igi plane wá fún yín nígbà tí kò léwé, ẹ ká èèpo tó ti ṣí wò. Àbúrò ẹ̀ tó ń jẹ igi óòkù, Corythucha arcuata, òun dé Ítálì ní 2000, àmì búráùn orí ìyẹ́ tiẹ̀ pọ̀ ju ti ciliata lọ. Píà ní tiẹ̀, Pseudacysta perseae, kò ju bíi mílímítà 2 lọ, ó dé California ní 2004, ó sì dé Hawaii ní 2019. Nílé, ìgbá àti ikàn ní Urentius hystricellus tiwọn, ẹ̀gún pọ̀ lára ẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ.

Àmọ́ o, pé ẹ rí kòkòrò lórí igi kan kò túmọ̀ sí pé igi yẹn ló ń jẹ. Nínú tírélà, òdòdó oríṣiríṣi ló máa ń fara kan ara wọn, kòkòrò kan lè kàn wọkọ̀ ọ̀fẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ẹ̀ àti ẹyin lára ewé yẹn ni kẹ́ ẹ tó sọ pé oúnjẹ ẹ̀ ni. Bákan náà, ẹ má sọ pé kò lè jẹ ẹ́ láé. Wọ́n mú oníléèsì kan tó ń jẹ́ Teleonemia scrupulosa lọ sí Uganda ní 1960 kó lè bá wọn jẹ lántánà tó ń gba ilẹ̀ oko, ó jẹ lántánà lóòótọ́, nígbà tí ewé lántánà wá tán, ó yà sínú oko yànmọ̀tí, èyí táwọn kan ń pè ní bẹ́nísíìdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tiwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di igi ẹ̀gẹ́ tàbí ọmọ òdòdó sínú báàgì nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Vatiga illudens tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, Gúúsù Amẹ́ríkà nilé ẹ̀, ó sì ti rin ìrìn àjò dé erékùṣù Réunion àti Mauritius. Àwọn àgbẹ̀ wa ti rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ rí. Kòkòrò funfun bí òwú tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti bá igi ẹ̀gẹ́ dé Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó ba oko jẹ́ débi pé àfìgbà tí àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, mú agbọ́n kékeré kan wá láti Paraguay, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981, kó tó rọlẹ̀. Wàhálà tí wọ́n ṣe pọ̀ gan-an, igi ẹ̀gẹ́ ló sì gbé e wá. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ gbé ewéko kọjá ibodè, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìlera ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ibi tó ti ń bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má gbé ìkòkò yẹn kiri inú ọgbà, ẹ má sì sáré fín oògùn kó tó di pé ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa rí i. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sójú kan, ẹ wo gbogbo ohun tó bá a wọkọ̀ kan náà dé. Ẹ já ewé mẹ́ta mẹ́rin tó ní kòkòrò àti àmì lára, ẹ fi pépà gbígbẹ wé e, ẹ ki í bọ ọ̀rá oníṣíìpù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà o. Àgbà bíi mẹ́rin, ẹ fi sínú sípíríìtì nínú ike, kẹ́ ẹ rọra fi burọ́ọ̀ṣì tó rin kó o, torí ọwọ́ á fọ́ ìyẹ́ léèsì yẹn. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé, ẹ ya abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn APHA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹran àti ewéko, lẹ máa pè, ní Nàìjíríà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ni, ní Amẹ́ríkà, ẹ pe ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ sí pépà kan, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò torí sípíríìtì máa ń pa íǹkì rẹ́: orúkọ òdòdó, ìlú tó ti wá, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i, àti bóyá ẹ rí ọmọ àti ẹyin pẹ̀lú àgbà. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ewé ò gbẹ́yìn nínú ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, torí kòkòrò láìsí ewé, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ò ní mọ ibi tó ti jẹun.